Ẹyẹ, Ẹfun àti Gbèsè: Ohun Tí Róòmù Fi Sílẹ̀ Lẹ́nu Wa

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá mi, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó sẹ́yìn tí ẹ ń wo fóònù, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú ooru, nítorí mo rí i pé fáànù méjì péré ló ń ṣiṣẹ́.

Ẹ wo ibi tí mo dúró sí yìí. Nígbà tí alága ń júwe rẹ̀ fún mi, "rostrum" ló pè é. Ọ̀rọ̀ Látìnì ni, kò sì túmọ̀ sí pákó tàbí pèpéle. Àgógó ẹyẹ ló túmọ̀ sí, èyí tí ẹyẹ fi ń ṣá nǹkan jẹ. Àwọn ará Róòmù a máa de idẹ ṣóńṣó kan mọ́ iwájú ọkọ̀ ogun ojú omi, òun ni wọ́n fi ń gún ọkọ̀ ọ̀tá níkùn, àgógó ni wọ́n sì ń pè é. Ní ọdún 338 ṣáájú ìbí Kristi, wọ́n ṣẹ́gun ìlú Antium tó wà létí òkun, wọ́n gé àgógó ọkọ̀ wọn, wọ́n gbé e wá sílé, wọ́n kàn án mọ́ ara pèpéle tí àwọn aláṣẹ ti ń bá ará ìlú sọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà ni pèpéle ti ń jẹ́ "rostra". Ẹni tó bá gun orí rẹ̀ láti sọ̀rọ̀, orí ìkógun ló dúró lé. Èmi kò kó ọkọ̀ ẹnikẹ́ni o.

Ohun tí mo wá sọ kò ju èyí lọ: púpọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá tí a fi ń ṣèjọba, tí a fi ń gbowó oṣù, tí a fi ń dájọ́, nǹkan tí ènìyàn lè fọwọ́ kàn ni wọ́n jẹ́ ní Róòmù àtijọ́. Nígbà tí nǹkan náà kú tán ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ di ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé. Bí a bá mọ ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀, a ó máa gbọ́ ọ lọ́nà mìíràn.

Ẹ má rò pé àwọn ọmọ ogun Róòmù ló kọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní gbogbo rẹ̀. Róòmù gba ilẹ̀ Bìrìtéènì ní ọdún 43 lẹ́yìn ìbí Kristi, wọ́n kúrò níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 410, nígbà yẹn èdè Gẹ̀ẹ́sì kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ lórí erékùṣù náà. Apá ibi tí a ń pè ní Jámánì àti Denmark lónìí ni àwọn baba ńlá wọn wà, níbẹ̀ ni wọ́n ti yá "wine", "cheese" àti "street" lọ́wọ́ àwọn ará Róòmù. Ìyókù gba ẹnu àlùfáà wọlé, ó gba ẹnu àwọn ará Normandy tí wọ́n ń sọ Faransé tí wọ́n ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, ó sì gba ọwọ́ àwọn tí ń ka ìwé Látìnì ní yunifásítì. Lẹ́yìn náà ni àwa wá yá a lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Aṣọ àyálò tí ẹlòmíràn ti yá rí ni.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ìbò bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni gbogbo wa mọ̀.

"Candidate" ni à ń pe ẹni tó ń du ipò. "Candidus" lédè Látìnì ni kí nǹkan funfun kó máa tàn. Ọkùnrin Róòmù tó bá jẹ́ ọmọ ìlú máa ń wọ tógà, aṣọ ńlá kan tí kò ní ìránṣọ, tí wọ́n ń da bo èjìká bí àwọn bàbá wa ṣe ń da aṣọ bora. Ẹni tó bá fẹ́ gbé àpótí ìbò a gbé tógà tirẹ̀ lọ fún alágbàfọ̀, wọ́n á fi ẹfun pa á títí yóò fi funfun báláú, kí ojú lè rí i láti òkèèrè láàárín èrò. "Candidatus" nìyẹn, ẹni ẹlẹ́fun. Livy òpìtàn sọ pé ní ọdún 432 ṣáájú ìbí Kristi wọ́n tilẹ̀ ṣòfin pé kí ẹnikẹ́ni má fi funfun kún aṣọ nítorí ipò mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí òfin náà ṣe lágbára tó, ẹ rántí pé orúkọ ẹlẹ́fun ló ṣì ń jẹ́ títí dòní.

Ẹlẹ́fun yìí kò ní jókòó sílé. Yóò sọ̀kalẹ̀ wá sí Fórọ́ọ̀mù, àárín ọjà àti ilé ẹjọ́, yóò máa bọ gbogbo ènìyàn lọ́wọ́. Ẹrú kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa sọ orúkọ ẹni tó ń bọ̀ sí ọ̀gá rẹ̀ létí lọ, kí ọ̀gá lè kí onítọ̀hún bí ẹni pé ilé kan náà ni wọ́n ti jáde. Rírìn káàkiri yìí ni wọ́n ń pè ní "ambitio": "ambi" ni yíká, "ire" ni lílọ. Ibẹ̀ ni "ambition" ti wá, èyí tí àwọn olùkọ́ máa ń ní kí ọmọ kọ àròkọ lé lórí. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ wà fún, kì í ṣe ọkàn.

Bí ẹsẹ̀ kò bá tó, owó ń bẹ. Àwọn kan wà tí wọ́n ń pè ní "divisores", ìyẹn àwọn apínwó. Wọ́n mọ agbo ìdìbò kọ̀ọ̀kan àti iye tí ó yẹ kó dé ibẹ̀. Orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà ni "ambitus", ọmọ ìyá "ambitio". Òfin lórí òfin ni wọ́n ń ṣe lé e. Nígbà tí Cicero, agbẹjọ́rò àti olóṣèlú, jẹ́ kọ́ńsúlù, ìyẹn ọ̀kan nínú olórí ìjọba méjì tí wọ́n ń yàn lọ́dọọdún, ní ọdún 63 ṣáájú ìbí Kristi, ó fi ìléjáde kúrò nílùú fún ọdún 10 kún ìjìyà rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé àárín wa níbí ni "dìbò kóo sebẹ̀" ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má dá ara yín lẹ́bi jù.

Ti ìwé ìpolongo ara ògiri ńkọ́? Ní Pompeii, ìlú tí eérú òkè Vesuvius bò mọ́lẹ̀ ní ọdún 79 lẹ́yìn ìbí Kristi, ju ìkéde ìbò 2,000 lọ ni wọ́n ti hú jáde lára ògiri, ọ̀dà ni wọ́n fi kọ wọ́n. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Vatia. Ògiri kan ní gbogbo àwọn tí ń mutí di òru ló ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yàn án. Ògiri mìíràn ní àwọn olè kéékèèké ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Òmíràn ní gbogbo àwọn tó ń sùn ni. Mo fẹ́ràn Vatia. Mi ò mọ̀ bóyá ó wọlé, ṣùgbọ́n mo mọ irú àwọn tí wọ́n ń bá a ṣọ̀tá.

Ká ní ìbò parí. Ọjọ́ "inauguration" dé. Lọ́dọ̀ tiwa, láti 1999, ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ni ààrẹ ń búra. Ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ náà dáadáa, "augur" wà nínú rẹ̀. Àwọn augur ni àwọn àlùfáà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ wíwo ẹyẹ. Augur a mú ọ̀pá tí orí rẹ̀ ká kò, a fi la ojú ọ̀run sí ìpín, a ní láti ibí dé ibí ni òun ó wò. Ìpín tí ó là yẹn ni "templum", láti ibẹ̀ ni "temple" ti wá, láti ibẹ̀ náà ni "contemplate" ti wá. Lẹ́yìn náà a jókòó, a dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹyẹ wo ló kọjá? Ṣé ọ̀tún ló gbà àbí òsì? Ṣé ó ké? Bí àmì bá dára, a jẹ́ pé àwọn òrìṣà gbà. "Inaugurare" ni kí wọ́n bi ẹyẹ léèrè kí wọ́n tó fi ènìyàn joyè tàbí kí wọ́n tó ya ibì kan sọ́tọ̀. "Auspices" náà kò yàtọ̀: "avis" ni ẹyẹ, "specere" ni wíwò. Bí ìwé ìpè bá sọ fún yín pé ayẹyẹ wà "under the auspices" ti Olóyè báyìí, wíwo ẹyẹ Olóyè ni wọ́n ń wí. Kò sì yẹ kí ó jẹ́ ẹ̀rín fún wa, àwa tí afọbajẹ wa kì í fọba jẹ láìbi Ifá, tí ẹyẹ sì bà lé orí adé ọba wa.

Lójú ogun, kò sí àyè láti máa dúró de ẹyẹ ojú ọ̀run, nítorí náà wọ́n ń gbé adìyẹ mímọ́ dání nínú àgò. Wọ́n á da oúnjẹ sílẹ̀. Bí adìyẹ bá ń jẹ wàrà-wàrà tí oúnjẹ ń já bọ́ lẹ́nu wọn, ogun yóò dára. Ní ọdún 249 ṣáájú ìbí Kristi, Publius Claudius Pulcher kó ọkọ̀ ogun Róòmù lọ ká àwọn ará Carthage, ìlú ńlá kan ní Àríwá Áfíríkà tó ń bá Róòmù jagun, mọ́ Drepana, ní erékùṣù Sicily. Cicero ló sọ fún wa pé wọ́n tú adìyẹ sílẹ̀, adìyẹ kọ̀, wọn kò fẹnu kan oúnjẹ. Inú bí Claudius. Ó ní bí wọn kò bá fẹ́ jẹ, kí wọ́n lọ mu, ó sì ní kí wọ́n da gbogbo wọn sínú òkun. Ọkọ̀ 93 ni ọ̀tá gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ nígbà tó padà délé. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ṣùgbọ́n kí n má tàn yín: Polybius, òpìtàn tó ṣàlàyé ogun náà fínnífínní, kò dárúkọ adìyẹ rárá. Ohun tí òun rí ni pé ọ̀tá fún ọkọ̀ Róòmù mọ́ etí òkun, wọn kò ráyè yí padà.

Èyí tí n óò bá jà díẹ̀ ni "salary". Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu oníwàásù, ẹ ti kà á lórí WhatsApp, pé iyọ̀ ni Róòmù fi ń sanwó fún ṣọ́jà. Èmi náà ti kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan, kí Ọlọ́run forí jì mí. Òótọ́ ni pé iyọ̀, "sal", wà nínú "salarium". Pliny, òǹkọ̀wé tó kú níbi òkè Vesuvius yẹn, sọ pé láti ara iyọ̀ ni owó náà ti ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí òǹkọ̀wé Róòmù kan tó sọ pé wọ́n ń wọn iyọ̀ sí igbá fún ọmọ ogun ní ìparí oṣù. Owó fàdákà ni wọ́n ń gbà, "stipendium" sì ni wọ́n ń pè é. Láyé Augustus, ọba ńlá àkọ́kọ́ ní Róòmù, denarius 225, ìyẹn owó fàdákà wọn, lọ́dún ni, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń pín in san, wọ́n sì ń yọ owó oúnjẹ, owó bàtà àti owó aṣọ kúrò nínú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà níbí mọ bí ìwé àyọkúrò ṣe ń rí.

Denarius yìí kan náà dé Èkó. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́njú kí náírà tó dé ní 1973, ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń kọ pọ́n-ùn, ṣílè àti kọ́bọ̀ sínú ìwé ìṣirò: L tí wọ́n dábùú ìlà lé, s, àti d. A máa ń bi tíṣà pé kí ló dé tí "penny" fi jẹ́ d, tíṣà á ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà. L ni "libra", òṣùwọ̀n ìwúwo Róòmù. d ni denarius. s ni "solidus", owó wúrà tí ọba ńlá Constantine gbé jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrin, 72 nínú rẹ̀ ni wọ́n ń rọ látinú libra wúrà kan. Láti ara solidus ni àwọn Faransé àtijọ́ ti rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe ẹni tó ń jagun gbowó, Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n sọ ọ́ di "soldier", àwa sọ ọ́ di ṣọ́jà. Nígbà tí ọmọ kékeré bá pariwo pé ṣọ́jà ń bọ̀, owó wúrà Constantine ló wà lẹ́nu rẹ̀.

"Addict" ni ọ̀rọ̀ tí n kò lè sáré kọjá. A ń pe ọmọ tí igbó tàbí tramadol ti mú bẹ́ẹ̀, ohùn ìkẹ́gàn la sì fi ń pè é. Ní Róòmù, ilé ẹjọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń gbé. "Addicere" ni kí adájọ́ fi ẹnu rẹ̀ fa nǹkan lé ẹnìkan lọ́wọ́. "Addictus" ni ẹni tí adájọ́ fà lé olówó rẹ̀ lọ́wọ́ nítorí gbèsè. Nínú Òfin Pátákó Méjìlá, tí wọ́n kọ ní nǹkan bí ọdún 450 ṣáájú ìbí Kristi, onígbèsè tí ẹjọ́ bá dá lẹ́bi ní 30 ọjọ́ láti wá owó. Bí kò bá rí i, olówó á mú un lọ sílé, á dè é mọ́lẹ̀ fún 60 ọjọ́. Òfin tilẹ̀ sọ iye oúnjẹ tó gbọ́dọ̀ fún un, libra ọkà kan lójúmọ́. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ọjọ́ ọjà mẹ́ta léraléra, wọ́n á fà á jáde síwájú adájọ́, wọ́n á kéde iye tó jẹ, bóyá ará tàbí ọ̀rẹ́ kan á ṣàánú. Bí kò bá sí ẹni tó dáhùn, òfin gbà kí wọ́n pa á, tàbí kí wọ́n tà á sí òdìkejì odò Tiber.

Livy sọ ìtàn bàbá arúgbó kan tó já wọ Fórọ́ọ̀mù ní ọdún 495 ṣáájú ìbí Kristi. Aṣọ rẹ̀ ti gbó, ó ti rù kan eegun, irun àti irùngbọ̀n rẹ̀ rí wúruwùru. Síbẹ̀ àwọn kan dá a mọ̀, wọ́n ní jagunjagun ni, ó ti ṣáájú ẹgbẹ́ ọmọ ogun rí. Wọ́n bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ní nígbà tí òun wà lójú ogun àwọn Sabine, ọ̀tá jó ilé oko òun, wọ́n kó ẹran òun lọ, owó orí sì tún dé lásìkò burúkú yẹn. Òun yáwó. Èlé gorí èlé, ó jẹ ilẹ̀ bàbá òun, ó jẹ ìyókù dúkìá, nígbẹ̀yìn ó wá kan ara òun. Ó yí ẹ̀yìn sí wọn: ojú ẹgba tí kò tíì jiná. Àpá ọ̀tá wà láyà rẹ̀, ti olówó wà lẹ́yìn. Ìlú dàrú lọ́jọ́ náà. Síbẹ̀, bí Livy ṣe kọ ọ́, ó di ọdún 326 ṣáájú ìbí Kristi kí wọ́n tó ṣòfin pé dúkìá ni kí ó máa dúró fún gbèsè, kì í ṣe ara ọmọ ènìyàn.

Mo rí àwọn àgbà tí wọ́n ń mi orí, ìwọ̀fà ni wọ́n ń rò. Ó jọ ọ́, kò rí bákan náà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe ló dúró fún èlé, ọmọ ìlú ni síbẹ̀, ọjọ́ tí owó bá pé ni ọ̀rọ̀ parí, olówó kò sì láṣẹ láti tà á. Ti Róòmù le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà tí mo ti mọ ìtàn yìí, "addict" kò wá sí mi lẹ́nu bí èébú mọ́. Ẹni tí wọ́n ti fà lé olówó lọ́wọ́ ni mo ń rí, tí wọ́n mú jáde lọ́jọ́ ọjà, tí wọ́n ń wò bóyá ará ilé kan á dìde.

Àkókò ń lọ, alága ti ń wo aago. Kí n da díẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ ṣa. "Arena" ni iyanrìn, èyí tí wọ́n dà sílẹ̀ kó máa fa ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń jà mu. "Family" wá láti ara "famulus", ẹrú ilé. Gbogbo agbo ilé tó wà lábẹ́ baálé kan, tẹrú tọmọ, ló ń jẹ́ "familia". "Senate" ni ìgbìmọ̀ àwọn àgbà, "senex" ni arúgbó. "Trivial" jáde láti "trivium", oríta mẹ́ta. Ohun tó ṣe mí ní kàyéfì nìyí: oríta kan náà tí àwa ń gbé ẹbọ sí fún Èṣù, tí Róòmù náà ní òrìṣà tiwọn fún tí wọ́n ń pè ní Trivia, ni ó wá bí ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ohun tí kò já mọ́ nǹkan. "Vomitorium" kì í ṣe iyàrá tí ọlọ́rọ̀ ti ń bì kó lè tún jẹun. Ẹnu ọ̀nà tí èrò ń gbà tú jáde ní ibi ìran ni. Ẹ bá mi sọ fún àwọn tó ń fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́. "Magistrate" sì ti inú "magis" jáde, tó jẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Minister" ti inú "minus" jáde, tó jẹ́ kò tó bẹ́ẹ̀, ìránṣẹ́ pátápátá. Ẹ má sọ fún mínísítà kankan pé èmi ni mo sọ ọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, páìpù ilé ìdáná wa bẹ́. Mo pe púlọ́ńbà. Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ nínú omi, ó ń fi ayùn kékeré gé páìpù oníke, ó wá rí ìwé tó bo orí tábìlì. Ó ní, "Tíṣà, ìwé kí lẹ̀ ń kọ báyìí?" Mo ní orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Mo sọ fún un pé "plumbum" ni òjé lédè Látìnì, pé òun ni wọ́n fi kọ Pb sílẹ̀ nínú kẹ́mísírì, pé òjé ni wọ́n fi ṣe páìpù tó ń pín omi ká ìlú Róòmù, pé ẹni tó ń rọ òjé ni púlọ́ńbà. Ó dá ayùn dúró, ó rẹ́rìn-ín.

"Òjé kẹ̀? Èmi ò fọwọ́ kan òjé rí láyé mi, àfi tinú bátìrì mọ́tò."

Ó fi gọ́ọ̀mù lẹ páìpù, ó dì í mú pinpin, ó ń ka iye ìṣẹ́jú sókè. Nígbà tó jọ pé ó ti gbẹ, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀.

"Tíṣà, ó ti parí o. Àwọn ará Róòmù yẹn, èló ni wọ́n ń san fún púlọ́ńbà?"